Bàtà, irin àti ojú kan: bí ẹ ṣe lè mú wọn bára mu kí ìpòyì yín lórí yìnyín má bàa máa rìn

Òkòtó tí ẹnu rẹ̀ mú máa ń pòyì lójú kan títí yóò fi dà bíi pé kò mira mọ́. Èyí tí ẹnu rẹ̀ ti kújú á máa rìn kiri ilẹ̀, kò sì ní í pẹ́ tí yóò fi ṣubú. Bẹ́ẹ̀ náà lẹni tó ń pòyì lórí yìnyín: gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ ló gbé lé ojú kékeré kan lábẹ́ irin bàtà, tí kò gùn ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Tí bàtà àti irin bá bára mu, ara á bọ́ sójú yẹn láìwá a. Tí wọn ò bá bára mu, èèyàn lè fi odidi ọdún kan kọ́ ìpòyì kó máa rò pé ẹsẹ̀ òun ló lẹ́bi.

Ẹni tó ti kúrò ní bàtà àyálò la kọ èyí fún, àti òbí tí ọmọ rẹ̀ ń kọ́ eré yíyọ̀ lórí yìnyín (figure skating) ní London, Toronto tàbí Houston, tí olùkọ́ wá ní kí wọ́n lọ ra bàtà lọ́tọ̀, irin lọ́tọ̀. Bàtà lẹ ó kọ́kọ́ rà, irin tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ẹ dè é, ẹ sì pọ́n ọn. Ọ̀pọ̀ ló ń yí i padà: wọ́n á ti rí irin olówó ńlá kan lẹ́sẹ̀ ẹni tó gba àmì ẹ̀yẹ, wọ́n á rà á, wọ́n á wá máa wá bàtà tó máa gbà á.

Ojú tí ìpòyì ń gbé

Ẹ gbé bàtà kan dání, kí ẹ wo irin rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Kò tẹ́jú. Ó tẹ̀ díẹ̀ bí ìdí ọkọ̀ ojú omi. Ìtẹ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní rọ́kà, ẹsẹ̀ bàtà 7 tàbí 8 sì ni wọ́n sábà máa ń wọ̀n ọ́n sí. (Ìwọ̀n gígùn là ń wí o, kì í ṣe bàtà tí a fẹ́ rà.) Ohun tó túmọ̀ sí ni pé tí ẹ bá fa ìtẹ̀ náà lọ títí tó fi di òbìrìkìtì, láti àárín rẹ̀ dé etí á jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 7 tàbí 8. Èyí tó jẹ́ 7 ló tẹ̀ jù. Èyí tó jẹ́ 8 ló tẹ́jú jù, ó sì máa ń sáré jù.

Ṣùgbọ́n níwájú, lẹ́yìn àwọn eyín tó dà bí eyín ayùn, irin náà tún tẹ̀ ju ti àárín lọ. Ibẹ̀ ni ìpòyì ń gbé. Bí ẹ ṣe máa rí i nìyí: ẹ gbé bàtà lé orí gíláàsì tàbí tábìlì tó tẹ́jú dáadáa, kí ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ síwájú títí eyín tó wà nísàlẹ̀ jù á fi kan tábìlì. Ẹ dì í mú bẹ́ẹ̀. Ẹ wá fi bébà tín-ín-rín kan wọ abẹ́ irin láti ẹ̀yìn, kí ẹ máa tì í lọ síwájú. Ibi tí bébà bá ti há tí kò lọ mọ́ ni ojú náà. Ẹ fi máàkà fa ìlà kékeré sí ẹ̀gbẹ́ irin níbẹ̀, kí ẹ fi rúlà wọn bó ṣe jìnnà sí eyín, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní mìlímítà. Ẹ ṣe é kí irin tuntun tó kan òkúta ìpọ́nrin rárá. Ìwọ̀n yìí lẹ ó máa fi mú ẹni tó bá ba irin yín jẹ́ lọ́jọ́ iwájú.

Bàtà

Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ wọn ẹsẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ tílẹ̀ bá fi máa ṣú. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ fẹ́lẹ́ tí ẹ máa wọ̀ sínú bàtà náà gan-an. Ẹ tẹ́ bébà sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹ fi gìgísẹ̀ ti ògiri, kí ẹ dúró lé e pẹ̀lú gbogbo ìwúwo yín, kí ẹlòmíràn wá fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ibi tí ìka tó gùn jù parí sí àti ibi tí ẹsẹ̀ ti fẹ̀ jù lọ́tùn-ún lósì. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni o, nítorí wọn kì í sábà dọ́gba. Ìwọ̀n mìlímítà yìí lẹ ó fi wo àtẹ ilé iṣẹ́ tó ṣe bàtà náà. Ẹ gbàgbé nọ́ńbà bàtà tí ẹ ń wọ̀ lọ sọ́jà. Jackson ti Kánádà, Riedell ti ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, Edea àti Risport ti Ítálì, kálukú ló ní àtẹ tirẹ̀. Mìlímítà ni Edea tilẹ̀ fi ń ka bàtà rẹ̀.

Bàtà tó bá ẹsẹ̀ mu máa ń jẹ́ kí ìka ẹsẹ̀ ra iwájú rẹ̀ fẹ́rẹ́ nígbà tí ẹ bá nàró, kí ó sì fà sẹ́yìn tí ẹ bá tẹ orúnkún. Gìgísẹ̀ kò gbọdọ̀ gbéra rárá. Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì fún ìpòyì ni pé bí gìgísẹ̀ bá ń gbéra, kódà bó jẹ́ mìlímítà 3 péré, ẹsẹ̀ á ti yí tán kí bàtà tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e. Irin á gba àṣẹ pẹ́, ìpòyì á sì ti yà kúrò lójú rẹ̀. Àṣà ríra nǹkan tóbi fọ́mọ kó lè dàgbà sínú rẹ̀ dára fún aṣọ Kérésì àti bàtà ilé ìwé. Kò dára níbí. Bí ẹ bá tiẹ̀ fẹ́ fi àyè sílẹ̀ fún ọmọ, kó má ju ìdajì nọ́ńbà kan lọ.

Lẹ́yìn èyí ni líle bàtà. Ìwúwo ẹni àti irú fífò tó ń fò la fi ń yan án, nítorí bàtà líle ló ń gba ẹsẹ̀ là nígbà tí ẹni tó fò bá balẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpòyì kò fẹ́ bàtà tó le koko. Ẹ wo ìpòyì ìlóṣòó: ẹni náà á lóṣòó lórí ẹsẹ̀ kan, èkejì á nà síwájú, ọrùn ẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀ á sì tẹ̀ gidigidi. Bàtà tí kò tẹ̀ kò ní jẹ́ kí orúnkún kọjá iwájú, ìdí á wá fà sẹ́yìn, ara á gbé lé ẹ̀yìn irin, èèyàn á sì fìdí jókòó sórí yìnyín. A rí ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ra bàtà ẹni tó ń fò ìlọ́po mẹ́ta (tó ń yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lófuurufú kó tó balẹ̀) fún, nígbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fò ẹyọ kan. Owó ni wọ́n fi ra ìṣòro.

Àyẹ̀wò rẹ̀ rọrùn. Ẹ so okùn bàtà tán, ẹ dúró lórí ilẹ̀ tí wọ́n tẹ́ rọ́bà sí, ẹ tẹ orúnkún. Tí orúnkún bá kọjá góńgó ìka ẹsẹ̀ láìjẹ́ pé gìgísẹ̀ gbéra, bàtà náà ò le jù. Tó bá jẹ́ pé awọ ibi ọrùn ẹsẹ̀ ti ká wọnú bí aṣọ tí wọn ò lọ̀, tó sì ń ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti rọ̀ jù tàbí ó ti gbó. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń kọ nọ́ńbà líle. Bàtà Overture ti Edea jẹ́ 48, Ice Fly wọn jẹ́ 90. Ẹ má fi nọ́ńbà ilé iṣẹ́ kan wé ti òmíràn, torí òṣùwọ̀n wọn ò jọra.

Okùn bàtà náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ gan-an ni kó le jù. Ibi ìka kó má le, kí ẹ lè mi ìka. Àwọn ìkọ́ òkè kó dẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìka ọwọ́ kan lè wọ ẹ̀yìn rẹ̀. Bí bàtà bá ṣì jẹ́ tuntun, ẹ má tíì so ìkọ́ tó ga jù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ọrùn ẹsẹ̀ lè kọ́ bàtà náà bó ṣe máa tẹ̀.

Irin

Ẹ wọn àtẹ́lẹ̀ bàtà láti iwájú dé ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ní íǹṣì. Irin yẹ kó bá a dọ́gba tàbí kó fi íǹṣì 1/4 kúrú sí i, kò gbọdọ̀ jù ú lọ. Íǹṣì 1/4 sí 1/4 ni wọ́n fi ń tò ó nínú ṣọ́ọ̀bù, fún àpẹẹrẹ 9 1/4, 9 1/2, 9 3/4. Irin tó kúrú jù máa ń gbé ojú ìpòyì sẹ́yìn kúrò lábẹ́ ìdí ìka ẹsẹ̀, ẹni náà á sì máa wá a títí ara á fi rẹ̀ ẹ́.

Ìlú Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ti ń rọ ọ̀bẹ láti ayébáyé, ni irin John Wilson àti MK ti ń jáde. Coronation Ace ti John Wilson àti Professional ti MK ní rọ́kà ẹsẹ̀ bàtà 7. Pattern 99 àti Gold Seal ní 8. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìpòyì tó sì ń fò ẹyọ kan, 7 ni a ó mú. Ìtẹ̀ rẹ̀ pọ̀, nítorí náà ara tètè ń bọ́ sójú ìpòyì, ó sì rọrùn láti wọnú ìpòyì. Àléébù rẹ̀ ni pé bó ṣe rọrùn láti dé ojú náà ló ṣe rọrùn láti yọ̀ kúrò níbẹ̀. 8 máa ń fi ara balẹ̀ jù, ó dára fún ẹni tó ń fò ìlọ́po méjì sókè, ṣùgbọ́n èèyàn gbọ́dọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ gun ojú ìpòyì rẹ̀ ni. Ẹni tó bá ń kúrò lórí 7 bọ́ sórí 8 kó fi ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kọ́ ara rẹ̀, kó má sì ṣe é nígbà tí ìdíje tàbí ìdánwò bá kù fẹ́ẹ́fẹ́.

Ní ti eyín, bí wọ́n ṣe gé e kò ṣe pàtàkì fún ìpòyì bíi bó ṣe súnmọ́ yìnyín tó. Nínú ìpòyì ìdúró, eyín ìsàlẹ̀ máa ń ha yìnyín fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, ẹ ó sì gbọ́ ohùn rẹ̀. Tó bá súnmọ́ jù, á gún yìnyín, á dá yín dúró. Tó bá jìnnà jù, kò sóhun tó máa sọ fún ara pé ó ti tó, ẹ ó máa yí lọ síwájú ṣáá.

Àwọn irin fífúyẹ́ wà, tí wọ́n fi alumíníọ̀mù tàbí fọ́nrán kábọ́ọ̀nù ṣe ara rẹ̀. Ó máa ń gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ àárẹ̀. Àmọ́ ìpòyì tó ń rìn lórí irin àtijọ́ á rìn lórí kábọ́ọ̀nù náà, pẹ̀lú owó tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí Lucinda Ruh ti Switzerland pòyì ìgbà 115 lórí ẹsẹ̀ kan láìdúró ní New York lọ́dún 2003, àìkúrò lójú kan ló gbé e débẹ̀.

Ohun kan kù tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù kì í sábà sọ. Gìgísẹ̀ bàtà kan ga ju òmíràn lọ, ẹsẹ̀ irin kan sì ga lẹ́yìn ju òmíràn lọ. Bí gíga méjèèjì bá pàdé, ara á dà síwájú sórí eyín láìjẹ́ pé ẹni náà ṣe ohunkóhun. Tí ẹ bá pààrọ̀ bàtà ṣùgbọ́n tí ẹ fi irin àtijọ́ sí i, tí ẹ wá ń fi eyín kọsẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Awẹ́ awọ tàbí ọ̀rá líle tí kò nípọn ju mìlímítà 1 sí 2 lọ lábẹ́ ibi tí irin ti jókòó níwájú á ti ara sẹ́yìn. Lábẹ́ gìgísẹ̀, á tì í síwájú.

Dídè é mọ́ bàtà

Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ló yẹ kó dè é, pàápàá tí àtẹ́lẹ̀ bàtà kò bá jẹ́ awọ. Síbẹ̀ ó yẹ kí ẹ mọ ohun tó ń ṣe.

1. Ó máa fi pẹ́ńsùlù fa ìlà láti àárín gìgísẹ̀ lọ síwájú, láàárín àtàǹpàkò ẹsẹ̀ àti ìka tó tẹ̀ lé e. Orí ìlà yìí ni irin máa kọ́kọ́ jókòó lé.

2. Ẹ wo àwo tó wà lókè irin: ihò rẹ̀ pín sí méjì. Àwọn kan rí róbótó, àwọn kan gùn. Inú àwọn tó gùn nìkan ni súkúrù máa wọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, torí wọ́n ń gba irin láàyè láti sún. Bí oníṣọ́ọ̀bù bá ti fi súkúrù kún gbogbo ihò lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ dé, ó ti gba àǹfààní àtúnṣe lọ́wọ́ yín.

3. Ihò tí wọ́n máa gbẹ́ kó kéré ju súkúrù lọ, kí wọ́n sì lẹ téépù mọ́ irin ìgbẹ́hò láti fi mọ ibi tó jìn dé. Ihò tó bá yọ sínú bàtà, omi á gba ibẹ̀ wọlé, súkúrù á sì máa gún yín lẹ́sẹ̀.

4. Ẹ lọ sórí yìnyín pẹ̀lú sukudíráfà lápò. Ẹ kọ́kọ́ yọ̀ lọ tààrà lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, lẹ́yìn náà lórí ẹsẹ̀ kan, síwájú àti sẹ́yìn, láìtiraka. Tí bàtà bá ń ṣubú sí inú, ẹ sún irin sí inú ní mìlímítà 1. Tó bá ń ṣubú sí òde, ẹ sún un sí òde. Ìhà tí ẹ ń ṣubú sí ni irin ń lọ. Ó máa ń jọ bíi pé òdìkejì ló yẹ, ọ̀pọ̀ sì ń ṣìnà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: ìdúró tó ń yẹ̀ sápá kan, apá yẹn la ń fi òpó tì.

5. Ìgbà tí ẹ bá ti lè yọ̀ tààrà lórí ẹsẹ̀ kan ni kí ẹ tó pòyì. Ẹ má fi ìpòyì tún irin ṣe ṣáájú, nítorí àṣìṣe ara yín náà wà nínú ìpòyì.

6. Lẹ́yìn wákàtí 5 sí 10 lórí yìnyín, tí ohun gbogbo bá dúró, wọ́n lè wá fi súkúrù sí inú àwọn ihò róbótó. Kí wọ́n fi ìda tàbí oògùn ìdáàbòbò kun àtẹ́lẹ̀ bàtà tó bá jẹ́ awọ, títí kan inú ihò.

Ẹ máa yẹ súkúrù wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Èyí tó bá ń yí láìmú nǹkan, ihò rẹ̀ ti fẹ̀. Igi ìtayín méjì tí a fi gúlúù igi rẹ́ sínú ihò náà, tí a gé pẹrẹsẹ, tí a sì jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì, á jẹ́ kí súkúrù tún rí ohun mú.

Pípọ́n

Abẹ́ irin kò tẹ́jú láti ọ̀tún sí òsì. Kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ ló gba àárín rẹ̀ kọjá, etí méjì ló wá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Íǹṣì 1/2 ni ìwọ̀n kòtò tó wọ́pọ̀ jù. (Bíi ti rọ́kà, láti àárín òbìrìkìtì dé etí rẹ̀ là ń wọ̀n, kì í ṣe bí kòtò ṣe jìn tó.) Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré sí ni kòtò ṣe jìn sí: 3/8 jìn ju 1/2 lọ, 5/8 kò jìn tó o. Kòtò tó jìn máa ń já yìnyín jẹ, ìpòyì á máa pariwo, á sì tètè kú. Èyí tí kò jìn máa ń yọ̀ nígbà tí ẹ bá ń wọnú ìpòyì. Ẹni tó fúyẹ́ lè fẹ́ kó jìn díẹ̀, ẹni tó wúwo kò nílò rẹ̀. Ẹ mú ìwọ̀n kan, kí ẹ dúró lórí rẹ̀.

Irin tuntun pàápàá nílò pípọ́n kó tó wọ yìnyín. Lẹ́yìn ìyẹn, wákàtí 20 sí 40 lórí yìnyín ni a sábà ń lò kí a tó tún pọ́n ọn. Tí ẹ bá gbà á padà lọ́wọ́ ẹni tó pọ́n ọn, ẹ má tíì kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ yí bàtà dojú délẹ̀, ẹ gbé owó wẹ́wẹ́ kan lé orí etí méjèèjì, kí ẹ wò ó láti ẹ̀yìn: owó náà àti ẹ̀gbẹ́ irin gbọ́dọ̀ ṣe igun tó ṣe déédéé. Tí owó bá dàgẹ̀rẹ̀, etí kan ga ju èkejì lọ, irin náà á sì máa fà yín sápá kan. Ẹ tún ṣe àyẹ̀wò bébà. Bí ìwọ̀n tí ẹ kọ sílẹ̀ bá ti yí padà, ẹni náà ti gé ojú ìpòyì tàbí ó ti fọwọ́ kan eyín, kò sì sí súkúrù tó lè tún ìyẹn ṣe. Kí ẹ tó gbé irin sílẹ̀ ni kí ẹ ti sọ fún un pé kó má gé eyín. Òótọ́ ni pé lẹ́yìn pípọ́n púpọ̀, irin á ti tín-ín-rín, eyín á wá gùn jù, ó sì lè nílò kí amòye ha á díẹ̀. Amòye là ń wí.

Ohun tí irin kọ sórí yìnyín

Tí ẹ bá pòyì tán, ẹ má yára lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo ilẹ̀. Ìpòyì tó dára máa ń fi òbìrìkìtì kéékèèké sílẹ̀, èyí tó tóbi bí àwo kékeré, tí wọ́n gun orí ara wọn.

Tí àwọn òbìrìkìtì bá so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n tó ń lọ, ẹ fi ẹsẹ̀ kejì pòyì wò. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ń rìn, ẹ tún wo bí irin ẹsẹ̀ yẹn ṣe jókòó. Bí méjèèjì bá ń rìn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bí ẹ ṣe ń wọnú ìpòyì ni, kì í ṣe irin.

Tí ẹ bá rí ojú eyín tó wa ilẹ̀ bí ọkọ́, tí ìpòyì sì kú lójijì, ara wà níwájú jù: eyín gùn, tàbí gìgísẹ̀ ga. Tí ìlà bá ń yí láti etí kan sí èkejì, tí ara ń gbọ̀n, ara wà lẹ́yìn ojú náà: irin kúrú, tàbí wọ́n dè é sẹ́yìn jù, tàbí wọ́n ti pọ́n ojú ìpòyì pẹrẹsẹ. Tó bá jẹ́ pé ìpòyì ìlóṣòó nìkan ló ń wó, tí ti ìdúró dára, ẹ padà sórí líle bàtà. Tó bá sì jẹ́ pé ọjọ́ kejì pípọ́n ni gbogbo rẹ̀ bàjẹ́, ẹ má fọwọ́ kan súkúrù. Ẹ ṣe àyẹ̀wò owó àti ti bébà. Bí méjèèjì bá dára, ẹ fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí yìnyín kí etí rẹ̀ rọ̀ díẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó sún irin, tó pọ́n ọn, tó sì tún pààrọ̀ okùn lọ́jọ́ kan náà, kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn ìdárayá, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu irin títí kan abẹ́ àwo rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìbòrí ọ̀rá líle wà fún rírìn lórí ilẹ̀ nìkan. Tí ẹ bá ń fi bàtà sínú báàgì, ìbòrí aṣọ tó ń fa omi ni kí ẹ lò. Kí ẹnikẹ́ni tó tú irin kúrò lára bàtà, ẹ ya fọ́tò àtẹ́lẹ̀ bàtà náà, kí gbogbo súkúrù hàn. Bí wọ́n bá gbé irin padà síbi tí kò sí tẹ́lẹ̀, fọ́tò yẹn lẹ ó fi hàn wọ́n.